Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ mọ iná tí ilé yín ń jẹ kí ẹ tó ra inverter àti sólà

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan sì fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti pa jẹnẹrétọ̀ tì, tí wọ́n kọjú sí iná oòrùn. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ń fi owó àjẹmọ́nú rà á, àgbẹ̀ ń fi owó kòkó rà á, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun náà ń fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè bá àwọn òbí wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dunni ni pé kì í pẹ́ tí inverter mìíràn á fi máa ké lóru, tí bátìrì rẹ̀ á sì kú láìtọ́jọ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kọ́ ló burú, ìwọ̀n rẹ̀ ni kò bá ilé mu. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí iná náà máa gbé, iye wáàtì tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye wákàtí tí ẹ ó máa lò ó lóru. Ẹ wá fi wákàtí náà sọ wáàtì di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ ilé kan. Gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 10, fún wákàtí 5, yóò jẹ 300. Fáànù méjì oníwáàtì 60, fún wákàtí 8, yóò jẹ 960. Tẹlifíṣọ̀n àti dikódà, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ wáàtì 80, fún wákàtí 5, yóò jẹ 400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,660. Bí a bá fi èyí tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ kún un, yóò tó nǹkan bíi 1,900.

Bátìrì tí wọ́n ń bu omi sí, tí wọ́n kọ 12V, 200Ah sí lára, ń gba 2,400. Ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, kó má baà tètè kú. Méjì ni ilé yìí nílò nìyẹn. Ti lithium yàtọ̀: a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, nítorí náà ẹyọ kan irú ìwọ̀n yìí lè gbé e, àmọ́ owó rẹ̀ ga jù.

Ní ti inverter, bí wọ́n bá tan gbogbo nǹkan wọ̀nyí pọ̀, wáàtì 260 ni. Inverter 1kVA, tó ń gbé nǹkan bíi wáàtì 800, tó wọn. Fíríìjì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń fa iná ní ìlọ́po ìlọ́po èyí tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó má ṣe ra ohun tó kéré sí 2kVA. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́túlù oníná kò yẹ kó dé ìdí ẹ̀rọ kékeré rárá.

Páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ńkọ́? Ìgbà òjò ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, oòrùn tó múná lè má ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́. Páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 300 mẹ́ta ni yóò lè bọ́ ilé tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí nígbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èyí tó bá tóbi jù ló dára jù. Ẹni tó kó bátìrì mẹ́rin jọ, tó wá gbé páńẹ́ẹ̀lì méjì sókè, bátìrì rẹ̀ kò ní kún láéláé, èyí tí kò bá sì ń kún kì í pẹ́ kú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí oníṣẹ́ bá dárúkọ owó kó tó bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ lò, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní kó kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín.