Jẹ́látìnì: Níbo Ló Ti Ń Wá, Kí La sì Lè Fi Rọ́pò Rẹ̀?

Súìtì aláràbarà tó máa ń fà bíi rọ́bà, èyí tí a máa ń pín jẹ nígbà brékì, ẹ yí ọ̀rá rẹ̀ padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "gelatin". Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé lọ́tẹ̀ yìí, torí pé láàárín wa, a ní àwọn tí ẹ̀sìn wọn ò fàyè gba ẹlẹ́dẹ̀, a sì ní àwọn tí kì í jẹ ẹran rárá. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu.

Níbo ló ti ń wá?

Ẹ rántí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màálù tí a sè lálẹ́, tó wá tutù mọ́jú. Omi rẹ̀ á ti dì. Bí ẹ bá mi ìkòkò, á máa gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó bu sítáàṣì sí i o! Jẹ́látìnì nìyẹn.

Nínú awọ, eegun àti iṣan ẹran, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ collagen. Ó dà bí okùn tí a fi fọ́nrán mẹ́ta lọ́ pọ̀. Bí a bá sè é pẹ́ nínú omi gbígbóná, okùn náà á tú. Bí omi bá wá tutù, àwọn fọ́nrán náà á tún wé mọ́ra, wọ́n á há omi mọ́ àárín. Ìdí nìyẹn tó fi ń dì.

Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́: wọ́n á fi omi gbígbóná fa jẹ́látìnì jáde lára awọ àti eegun, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ ẹ, á di lẹ́búlẹ́bú. Awọ ẹlẹ́dẹ̀, awọ màálù àti eegun ni wọ́n ń lò jù, wọ́n sì ń lo awọ ẹja náà. Ní Yúróòpù, ti ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù. Kò ní òórùn, kò sì ní adùn tí ẹnu lè fi dá a mọ̀. Ó wà nínú marshmallow, ó wà nínú yógọ́ọ̀tì mìíràn, òun náà ni wọ́n sábà fi ń ṣe èèpo oògùn oníkápúsù.

Ẹni tó ń jẹ pọ̀nmọ́ ò gbọdọ̀ sọ pé òun ń kórìíra jẹ́látìnì, awọ náà ni awọ ń jẹ́! Ẹran wo ni wọ́n ti mú un jáde, ìyẹn ni ìbéèrè. Bí wọ́n bá kọ "gelatin" lásán, ọ̀rá náà ò tíì dáhùn. "Beef gelatin" túmọ̀ sí ti màálù. Àmì "halal" ni Mùsùlùmí yóò wá.

Kí la lè fi rọ́pò rẹ̀?

Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òòbẹ̀ tiwa pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni agar, tí wọ́n ń rí lára ewé pupa inú òkun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Japan ti ń lò ó. Jẹ́látìnì máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 35°C, nítorí náà, lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá kúrò nínú fíríìjì, omi ló ń dà. Agar ò ní yọ́ títí ooru á fi tó nǹkan bíi 85°C. Fanny Hesse mọ èyí nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ní 1881, ọkọ rẹ̀, Walther, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Robert Koch ní Jámánì. Jẹ́látìnì tí wọ́n fi ń tọ́ kòkòrò àìfojúrí ń yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Fanny ní kí wọ́n lo agar. Títí dòní, òun ni wọ́n ń lò nínú àwo kékeré tí a máa ń rí nínú ìwé Biology wa.

Síbí tíì kan lẹ́búlẹ́bú agar tó fún ife omi kan. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Kì í fà bíi ti súìtì, ńṣe ló máa ń ṣẹ́.

Ìkejì ni pectin, tó pọ̀ nínú gúáfà àti èèpo ọsàn. Ó nílò ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ kó tó dì, jáàmù ló dára fún jù.

Ìkẹta wà nílé wa: ògì. Ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé, ṣebí ó dì láìsí awọ ẹran kankan? Sítáàṣì ló ṣe é. Kò ní mọ́ gaara bíi jẹ́lì o, ṣùgbọ́n ó dára fún ohun tí a fi mílíìkì sè.

Ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá fi ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù sínú jẹ́látìnì, kò ní dì. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sínú ẹran tó yi kó lè rọ̀? Ohun tó ń gé purotéènì ẹran náà ló ń gé fọ́nrán jẹ́látìnì. Agar kì í ṣe purotéènì, kò sóhun tó kàn án.

Mo bẹ olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní oúnjẹ sísè: tí a bá fẹ́ ṣe jẹ́lì ní práktíkà, ẹ jẹ́ ká fi agar ṣe é, kí gbogbo kíláàsì lè jẹ nínú rẹ̀.