Ẹsẹ̀ kan náà ni yóò sáré, òun náà ni yóò gbé irin: Bí ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù ṣe lè ṣe méjèèjì

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Òwe yìí gan-an ni àwọn kan ń fà yọ báyìí láàárín àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá láti dín sísanra wọn kù. Ní pápá ìṣeré àti lójú pópó ní ìdájí, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan gbà pé eré sísá nìkan ló ń yọ́ ọ̀rá, pé ẹni tó bá ń gbé irin sí èjìká, tó ń lóṣòó, tó ń dìde, itan rẹ̀ lásán ló ń sọ di ńlá. Àwọn kejì ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kan àwọn, pé irin gbígbé ni ọba, àti pé eré sísá a máa jẹ gbogbo iṣan tí ènìyàn bá fi oṣù mẹ́ta kó jọ. Ẹni tó fẹ́ kí ikùn òun wọlé, tó sì tún fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun lágbára, kò wá mọ èyí tí yóò ṣe. Ìdí tí àríyànjiyàn yìí fi dá lórí ẹsẹ̀ ju ọwọ́ àti àyà lọ kò ṣòro láti rí: ẹsẹ̀ tó gbé ẹrù wúwo ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé náà ni wọ́n tún fẹ́ fi sáré ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹwà. Nígbà tí ènìyàn bá ń fọn, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń bọ́ lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ló dínkù, tí kò sí iṣẹ́ tó ń béèrè agbára lọ́wọ́ iṣan, ẹran ara gidi lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìwọ̀n tó bọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ iṣan ìdí àti ti itan ló tóbi jù lọ lára ènìyàn. Àwọn ni wọ́n fi ń dìde lórí àga, àwọn ni wọ́n fi ń gun àtẹ̀gùn, àwọn náà ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ kí àgbà tí wọ́n sì fi ń dìde nílẹ̀ lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, wọ́n a máa dínkù díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tí kò bá lò wọ́n. Bí ẹni àádọ́ta ọdún bá fi ebi àti eré sísá nìkan fọn kílò 10, tó wá di pé wọ́n ní láti fà á lọ́wọ́ kó tó lè dìde nílẹ̀ níbi ìnáwó, èrè wo ló jẹ?

Ibi tó yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ọ̀rá jẹ́. Agbára tí ara kó pamọ́ ni. Kálórì tó wà nínú kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bí 7,700. Ẹni tó bá wọn kílò 80, tó sì sá eré kìlómítà 5, yóò ná nǹkan bí kálórì 400. Ìyẹn ni pé bí kò bá yí ohunkóhun padà nínú oúnjẹ rẹ̀, yóò sá irú eré bẹ́ẹ̀ tó ìgbà 19 kí kílò kan tó lọ. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tó jẹ́ 50cl, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mu láìka á sí oúnjẹ, sì lè dá gbogbo kálórì 400 náà padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nídìí èyí, inú àwo oúnjẹ ni ọ̀rá ti ń dínkù jù. Ẹni tó bá ń jẹ ohun tó fi nǹkan bí kálórì 500 dín sí èyí tó ń ná lójúmọ́ yóò máa pàdánù bí ìlàjì kílò lọ́sẹ̀, ìyẹn sì tó. Iṣẹ́ tí eré ìdárayá wá ń ṣe ni pé ó ń ran ìnáwó yìí lọ́wọ́, ó ń tún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe, irin gbígbé ní tirẹ̀ sì ń sọ fún ara pé iṣan ṣì wúlò, kó má fi ṣe oúnjẹ.

Ohun mìíràn tó yẹ kó kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn ni èrò pé fífi itan ṣiṣẹ́ ni yóò yọ ọ̀rá itan. Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà wọn ọwọ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì, àwọn tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà láti ọdún pípẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù tóbi ju èkejì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá abẹ́ awọ ọwọ́ méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Gbogbo ara ni ọ̀rá ti ń lọ, ara fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ibi tí yóò ti kọ́kọ́ mú. Ìyá tó ń lóṣòó dìde nígbà ọgọ́rùn-ún láràárọ̀ nítorí kí itan rẹ̀ lè kéré ń ṣe ohun tó dára, àmọ́ kì í ṣe nítorí ìdí tó rò.

Ta ló wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín irin àti eré sísá? Ọdún 1980 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Robert Hickson, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló pín àwọn ènìyàn sí fún ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ń fi ẹsẹ̀ gbé irin lọ́jọ́ 5 lọ́sẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ń sáré, wọ́n sì ń wa kẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ 6. Àwọn ẹgbẹ́ kẹta ń ṣe ti àwọn méjèèjì pọ̀ láìdín ọ̀kankan kù. Fún bí ọ̀sẹ̀ 7, agbára ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ kẹta yìí ń lékún. Lẹ́yìn náà ló dúró lójú kan, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó ti ń rẹ̀yìn, nígbà tí ti àwọn tó ń gbé irin nìkan ṣì ń ga sí i. Ní ti èémí, wọn kò pàdánù ohunkóhun, wọ́n ń ṣe dáadáa bí àwọn tó ń sáré nìkan. Eré sísá ló ń dí irin lọ́wọ́, irin kò dí eré sísá lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onírin gbé lọ bí àsíá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ ni iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: iṣẹ́ ẹsẹ̀ 11 láàárín ọjọ́ 7, tó sì le gan-an. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò sí ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì tàbí sí ọjà tó ń ṣe ìdajì rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tún wò ní ọdún 2012 fi hàn pé ẹsẹ̀ ni ìdènà náà ti ń hàn, kì í ṣe ọwọ́ àti àyà. Pé eré sísá ń fà á ju kẹ̀kẹ́ wíwà lọ. Àti pé bí ọjọ́ eré sísá bá ṣe pọ̀ tó, tó sì ṣe gùn tó, ni ìdènà náà ṣe ń pọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2022 tilẹ̀ fi ọkàn ènìyàn balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣíṣe méjèèjì pọ̀ kò ba agbára tàbí títóbi iṣan jẹ́ ní pàtàkì. Ibi tó ti pa á lára díẹ̀ ni agbára òjijì, irú èyí tí wọ́n fi ń fò sókè, pàápàá bó bá jẹ́ pé ìjókòó kan náà ni wọ́n ti ṣe méjèèjì.

Ìdí tí eré sísá fi burú ju kẹ̀kẹ́ lọ fún ẹsẹ̀ tó ń gbé irin kò fara sin. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ eléré bá balẹ̀, agbára tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń gba orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Iṣan tó ń gba ìbalẹ̀ yẹn dúró a máa ya wẹ́wẹ́, yóò sì gba ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó tún ara rẹ̀ ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ṣúgà tí iṣan kó pamọ́ fún iṣẹ́ ni eré gígùn máa ń ná tán, ẹni tó sì ń jẹun níwọ̀nba nítorí ó fẹ́ fọn kì í tètè rí i dá padà. Fún ẹni tó sanra gan-an, ìrìn kíákíá tàbí kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe wá tò ó? Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le, kó sì máa fi agbára mú iṣan ṣiṣẹ́ ó kéré tán lọ́jọ́ méjì. Ẹni tó bá fi Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ṣe iṣẹ́ agbára ẹsẹ̀ ti fi àyè ìsinmi tó tó sáàárín wọn. Kó fi Ọjọ́ Ìṣẹ́gun rìn kíákíá nìkan, nítorí itan yóò ṣì máa dùn ún. Kó sá eré rẹ̀ tó gùn jù lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ẹsẹ̀ ti simi ní Ọjọ́ Ẹtì, kó sì fi Ọjọ́ Àìkú simi pátápátá. Bí àyè kò bá gbà á ju kó ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan, irin ni kó kọ́kọ́ gbé kó tó sáré, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù. Bó bá lè ṣe ọ̀kan láàárọ̀, kó ṣe èkejì ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn dára jù.

Kò pọn dandan kó sanwó jíìmù. Lílóṣòó àti dídìde, gígun àpótí tó lágbára pẹ̀lú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títẹ̀ síwájú láti ìbàdí pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tọ́ láti gbé ẹrù nílẹ̀, àti dídúró lórí ìka ẹsẹ̀ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun: mẹ́rin yìí kárí gbogbo ẹsẹ̀. Àpò omi píọ̀ wọ́tà kan tó ní ọ̀rá 20 nínú wọn nǹkan bíi kílò 10, ẹni tó bá kó o sínú báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ti ní irin tirẹ̀. Kó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 8 sí 12, kó simi fún bí ìṣẹ́jú méjì, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìkejìlá kò bá le mọ́, kó fi ọ̀rá omi kún un. Àwọn kan tún máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, bí wọ́n ṣe fi ń jẹ àwọn ọmọléèwé níyà nígbà kan. Ẹni tó wọn kílò 100 kò níṣẹ́ tó ń ṣe nídìí ìyẹn. Orúnkún rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Oúnjẹ amáradàgbà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kù gan-an fún ọ̀sẹ̀ 4, wọ́n sì ń mú wọn gbé irin, wọ́n tún ń mú wọn ṣe eré ìdárayá tó le gan-an. Àwọn tó jẹ purotéènì gíráàmù 2.4 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ pàdánù ọ̀rá kílò 4.8, ẹran ara wọn sì lé ní kílò 1.2. Àwọn tó jẹ ìdajì ìyẹn pàdánù ọ̀rá kílò 3.5, ẹran ara wọn kò sì yí padà. Kò di dandan kí ènìyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀, gíráàmù 1.6 fún kílò kan ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6, ẹja gíráàmù 100 ní bí 20, ẹ̀wà sísè gíráàmù 100 ní bí 8. Gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Òótọ́ ni pé ẹyin àti ẹran ti wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹ̀wà sóyà àti ẹja ṣáwá ṣì wà ní ọjà, dídín òkèlè kù sì lè san díẹ̀ nínú owó wọn. Ẹni tó bá ní àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ fi purotéènì kún oúnjẹ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Oorun náà ń kọ́? Ní ọdún 2010, àwọn kan ní Yunifásítì Chicago fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ díẹ̀ fún ọjọ́ 14, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ààyè oorun wákàtí 8 ààbọ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú wákàtí 5 ààbọ̀. Ìwọ̀n tó bọ́ lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi kílò 3. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sùn dáadáa, kílò 1.4 nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Nígbà tí oorun kò tó, kílò 0.6 péré ni ọ̀rá, ìyókù jẹ́ ẹran ara. Àwọn tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó ló yẹ kó gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó dé ilé ní aago mọ́kànlá òru, tó tún jí ní aago mẹ́rin láti lọ sáré, ì bá ti sùn.

Àwọn tó mọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ti rí irú ìdọ́gba yìí lójú. Nígbà tí Andy Ruiz na Anthony Joshua, akànṣẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, ní oṣù kẹfà ọdún 2019, nǹkan bíi páùn 248 ni Joshua wọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Saudi Arabia ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ti dín sí bíi páùn 237, Ruiz sì ti lé sí páùn 283. Ẹsẹ̀ ni Joshua fi ja ìjà ọjọ́ náà: ó ń yípo, ó ń yẹra, fún gbogbo abala 12, ó sì gba ìgbànú rẹ̀ padà lójú gbogbo adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà, àrùn ọkàn tàbí làkúrègbé orúnkún gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì di èémí mú nígbà tó bá ń gbé ẹrù dìde. Ní ti bí yóò ṣe mọ̀ pé ó ń lọ dáadáa, òṣùwọ̀n nìkan kò tó. Kó fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó sì ka iye ìgbà tó lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí òṣùwọ̀n bá dúró lójú kan ṣùgbọ́n tí ìbàdí ń dínkù, kó má fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá ń yára wálẹ̀, tí iye ìgbà tó ń dìde náà sì ń dínkù, ẹran ara ló ń lọ. Kó yọ ọjọ́ eré sísá kan kúrò, kó sì fi ẹyin kún oúnjẹ àárọ̀.