Táyà Tí Ó Yẹ Ọkọ̀ Tí Ń Fa Ẹrù

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, Hilux ni. Ní àárọ̀, òun ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ ọjà, òun náà ni ó ń fa tírélà kékeré tí mo ń kó àpò gaàrí sí.

Nígbà tí táyà rẹ̀ jẹ tí orí rẹ̀ pá bí orí igún, mo lọ bá ẹlẹ́táyà kan. Ó gbé 225/70R15 sílẹ̀. Nọ́ńbà náà bá ti àtijọ́ mu, owó rẹ̀ sì dín, n kò bèèrè ohun mìíràn. Kò pé oṣù méjì tí ọ̀kan bẹ́ lẹ́yìn ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fì wá sọ́tùn-ún, ó ń fì wá sósì, bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Ìyá àwọn ọmọ mi àti àbíkẹ́yìn wa wà nínú ọkọ̀. Orí ni ó yọ wá.

Ẹni tí ń lẹ táyà ní àdúgbò wa ni ó là mí lójú. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò rí i pé kò sí C lẹ́yìn 15 yìí? Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n tà fún yín."

C yìí ni àmì táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ tún wo nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e. Ara èyí tí mo rà, 100 ni wọ́n kọ: táyà kan lè gbé 800 kìlò. Ara táyà àtijọ́ mi, 112 ni: 1,120 kìlò. Fún méjì ẹ̀yìn, 1,600 ni mo fi rọ́pò 2,240! Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ni ìyà pọ̀ sí, nítorí bí tírélà àti ẹrù rẹ̀ bá tó 1,000 kìlò, nǹkan bí 100 nínú rẹ̀ ni ó ń jókòó lé ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kí táyà tó gbóná. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré lábẹ́ ẹrù a máa gbóná títí yóò fi bẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn táyà oníkókó ńláńlá. Ariwo rẹ̀ lórí ọ̀dà pọ̀ jù fún mi, ọ̀dà ni mo sì ń rìn lọ́jọ́ mẹ́fà nínú méje. Èyí tí kókó rẹ̀ mọ níwọ̀n tó fún ẹrẹ̀ ọ̀nà oko.

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ kan ilẹ̀. Nítorí náà n kò ra tòkunbọ̀ mọ́, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Mo ti ra mẹ́rin tí ó ní C. Ìyá àwọn ọmọ kò tíì gbà láti wọ ọkọ̀ náà bí tírélà bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bèèrè sípíà lọ́wọ́ mi, n kò lè purọ́: ọ̀kan nínú àwọn 100 yẹn ṣì ni. Mo ń tọ́jú owó rẹ̀ lọ́wọ́.