Àyẹ̀wò Etí Ọmọ Tuntun: Ìlàlóye fún Àwọn Òbí ní Pobẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́

Ọmọ tí a bí láìgbọ́ràn kì í yàtọ̀ lójú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń mu ọmú, ó ń rẹ́rìn-ín, débi pé ọ̀pọ̀ òbí kì í fura títí ọmọ yóò fi lé ní ọdún méjì láìsọ̀rọ̀, tí àwọn oṣù tí ọpọlọ fi ń gba èdè wọlé jù lọ yóò sì ti kọjá. Àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn gbà pé ó yẹ kí a yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, kí a mọ ohun tó ń ṣe etí náà kó tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6.

Àyẹ̀wò náà kì í dun ọmọ. Bí ó bá ń sùn, wọn á fi ohun rírọ̀ kan sí ihò etí rẹ̀, ẹ̀rọ á rán ìró jẹ́jẹ́ wọlé, á sì gbọ́ ìró tí etí tó dá ṣáṣá máa ń dá padà. Bí ìró kò bá padà, kò tíì di pé adití ni ọmọ, nítorí ìdọ̀tí ìbímọ lè dí ihò etí. Àtúnyẹ̀wò ló kàn, kí òbí má sì ṣe pa á tì.

Láàárín ọdún 2005 sí 2006, Dókítà Bọ́lájókò Olúsanyà àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò yìí lọ sí ibùdó mẹ́rin tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní Èkó. Ọmọ 2,003 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò yẹ̀ wò, ó sì lé ní ìdajì wọn tí a kò bí sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà yìí bá ẹkùn Plateau ní Benin, níbi tí Pobẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ wà, mu gidigidi, nítorí ìyá tó bímọ sílé ní abúlé pàápàá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 60 nínú 100 àìgbọ́ràn ọmọdé ló ṣeé dènà. Èyí tó sún mọ́ ilé jù ni ibà pọ́njú: bí ojú ọmọ bá pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, tí a kò sì tètè tọ́jú rẹ̀, májèlé inú ẹ̀jẹ̀ lè ba ọpọlọ àti iṣan ìgbọ́ràn jẹ́. Káfúrà tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ lè fa ibà yìí fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó. Oòrùn àárọ̀ àti àgbo kò sì tó láti wò ó.

Kí ìyá béèrè àyẹ̀wò etí lọ́wọ́ agbẹ̀bí ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, bí ẹ̀rọ kò bá sì sí níbẹ̀, kí ó gba ìwé lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kùtọnu.