Bódìjà: Àwọn Ará Ibẹ̀ àti Ìgbé Ayé Wọn

Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Mápó tí ó sì wo ìsàlẹ̀ yóò rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, tí wọ́n fara kan ara wọn lọ títí dé ibi tí ojú mọ. Agbo ilé ni ìpìlẹ̀ Ìbàdàn yẹn: baálé kan, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn aya wọn, àwọn ọmọ àti àwọn ìyekan, tí gbogbo wọn ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá kọjú sí ìhà àríwá, tí ó kọjá Sẹkitéríàtì ní Agodi, tí ó forí lé ọ̀nà Yunifásítì, yóò bá ìlú mìíràn pàdé nínú ìlú kan náà. Bódìjà ni à ń pè é.

Kí Bódìjà tó wà, àwọn òyìnbó aláṣẹ ti ya ibùgbé tiwọn sọ́tọ̀ ní Agodi, ní Jẹ́ríkò àti ní Ìyágankú. Ilé wọn jìnnà sí ara wọn, igi sì ṣíji bò wọ́n. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1957, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Yunifásítì tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1948 ń pe àwọn ọ̀mọ̀wé jọ. Ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn ní 1957. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní owó oṣù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní ilẹ̀ bàbá ní Ìbàdàn, nítorí pé Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni wọ́n ti wá. Ilẹ̀ ìdílé kò sì rọrùn fún àlejò láti rà láìfa ẹjọ́.

Èyí ni ó mú kí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀ ní 1958. Bódìjà sì ni ẹ̀sítéètì àkọ́kọ́ tí àjọ náà là sílẹ̀. Wọ́n la títì, wọ́n fa omi ẹ̀rọ àti iná, wọ́n sì pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin lè rí ilé gbà kí ó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ohun tuntun ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá: kì í ṣe ìran ènìyàn ni ó fún un ní àyè láàrin àdúgbò, bí kò ṣe ìwé ẹ̀rí àti owó oṣù rẹ̀.

Ilé náà fúnra rẹ̀ ń sọ irú ẹni tí a kọ́ ọ fún. Ọkọ, aya àti ọmọ ni ó wà nínú ilé iwájú; ọgbà òdòdó wà níta, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yàrá àwọn ọmọọ̀dọ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé. Ní agbo ilé, ọmọ gbogbo ilé ni ọmọ, ẹnikẹ́ni sì lè bá a wí. Ní Bódìjà, bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ni í. Síbẹ̀ ará Bódìjà kò já okùn ìbí rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun ń lọ "sílé" ní òpin ọ̀sẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Adó-Èkìtì ni ó ní lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ó ti ń sìnkú, ibẹ̀ ni ó sì ti ń joyè. Ilé ni ó kọ́ sí Bódìjà. Ìlú rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ èdè kò ṣe é fojú fò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni òbí ń bá ọmọ sọ. Yorùbá di èdè tí a fi ń rán ọmọọ̀dọ̀ níṣẹ́, tí a sì fi ń ná ọjà. Ó yẹ kí èyí kọ àwọn olùkọ́ lóminú, nítorí pé lára àwọn tí ń kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì wà nínú àwọn tí ń gbé àdúgbò náà.

Ní òde òní, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àwọn ará Bódìjà sí. Èkínní ni àwọn àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, tí yàrá púpọ̀ nínú ilé wọn sì ṣófo. Èkejì ni àwọn ayálégbé: òṣìṣẹ́ báńkì, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí kò sí ẹni tí ó ń kà wọ́n mọ́ ọlọ́lá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn: mẹ́gáàdì, awakọ̀, alásè àti ọmọọ̀dọ̀. Ọjà Bódìjà kò sì jìnnà, níbi tí ọkọ̀ ti ń já iṣu, ẹ̀wà àti ata láti Òkè Ọya. Orúkọ kan náà ni ọjà àti ẹ̀sítéètì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ayé wọn kò dọ́gba.

Nígbà tí omi ìjọba kò yọ mọ́, olúkúlùkù gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Nígbà tí iná ń ṣe ségesège, olúkúlùkù ra jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí olè pọ̀, olúkúlùkù mọ ògiri gíga. Ilé àtijọ́ di ilé-ìwé, òmíràn di báńkì tàbí òtẹ́ẹ̀lì. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan di ìjọba ara rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú èyí hàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, nígbà tí ohun abúgbàmù dún ní Bódìjà Àtijọ́. Ó pa ènìyàn, àwọn tí ó farapa lé ní 70, ilé púpọ̀ sì wó. Gómìnà ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé kan. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè sọ fún ará ilé rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń jẹ.

Ní agbo ilé, ẹrù kò lè wọlé kí baálé má gbọ́. Bódìjà kò ní baálé. Ẹgbẹ́ onílé ni ó ní, ẹgbẹ́ náà kò sì ní agbára láti wo ẹ̀yìn ògiri ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó kọ́ àdúgbò náà fún wa ní títì tí ó tọ́ àti ilé tí ó dára. Ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ baálé níbẹ̀ ni kò sí nínú àwòrán wọn, òun sì ni àwọn ará Bódìjà ṣì ń wá.