Ta Ló Mú Oníbàárà Wá?

Oṣù kọkànlá ọdún 1994 ni CDNow, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta àwo orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dá ètò BuyWeb sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa orin lórí ìkànnì tirẹ̀ lè fi líǹkì sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí òǹkàwé bá tẹ̀ ẹ́, tó bọ́ sí CDNow, tó sì rajà, owó alágbàtà dé nìyẹn. Lóṣù keje ọdún 1996, Amazon gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, òkìkí tiwọn sì kàn jù.

Ìṣirò ló le níbẹ̀. Ìkànnì ẹni tó júwe ọjà ọ̀tọ̀, ti ẹni tó ń tà á ọ̀tọ̀. Oníbàárà lè tẹ líǹkì láàárọ̀, kó pa kọ̀ǹpútà, kó tó padà wá sanwó lálẹ́. Ta ni yóò rántí ẹni tó rán an wá?

Lọ́dún 1994 náà, Lou Montulli ti Netscape ń wá bí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe máa rántí ohun tí oníbàárà ti kó sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ṣe kúkì: àkọsílẹ̀ kékeré tí ìkànnì ń fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà oníbàárà fúnra rẹ̀, tó sì máa ń kà tí onítọ̀hún bá padà dé.

Òun làwọn alágbàtà gbára lé. Ilé iṣẹ́ bíi LinkShare àti Commission Junction wá dúró sáàárín. Tí o bá tẹ líǹkì, ọ̀dọ̀ wọn lo ń gbà kọjá, bí ojú rẹ kò tilẹ̀ rí i. Wọ́n á kọ nọ́ńbà ẹni tó rán ọ sínú kúkì, kí wọ́n tó darí rẹ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí o bá sanwó tán, lójú ewé tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, àwòrán bíńtín kan wà tí ojú kò lè rí. Ọ̀dọ̀ àwọn alárinà yẹn ni àwòrán náà ti ń wá. Bó ti ń ṣí, nọ́ńbà ọjà àti iye owó ń lọ bá wọn, wọ́n á sì ka kúkì wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ ti ń bá owó pàdé.

Jìbìtì wọ̀ ọ́. Àwọn kan ń ti kúkì eBay, ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú kọ̀ǹpútà ẹni tí kò tẹ líǹkì kankan, kí owó alágbàtà lè di tiwọn. Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán ọ̀kan lára wọn lọ sẹ́wọ̀n oṣù márùn-ún lọ́dún 2014. Láti ọdún 2017 sì ni Safari, ẹ̀rọ tí Apple ṣe fún wíwo ìkànnì, ti ń dènà kúkì tó ń tọpa èèyàn láti ìkànnì dé ìkànnì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, nọ́ńbà ló ń bá oníbàárà rìn nínú líǹkì. Ṣọ́ọ̀bù á pa á mọ́, á sì fi jíṣẹ́ fún alárinà tí owó bá ti wọlé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé, lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n tẹ líǹkì rẹ̀ kẹ́yìn ló ń kó gbogbo owó. Ká ní ẹnì kan fi ọ̀sẹ̀ kan dán ẹ̀rọ ìlọta wò, ó yà á ní fọ́tò, ó kọ ibi tó dáa àti ibi tó kù sí. Òǹkàwé gbà á gbọ́, ó lọ rà á. Nígbà tó kù kó sanwó, ó wá kóòdù ẹ̀dínwó lórí ìkànnì mìíràn, ó tẹ líǹkì ibẹ̀. Kọ́míṣọ̀n di ti oníkóòdù. Ẹni tó ṣiṣẹ́ kò rí kọ́bọ̀. Níbi tí líǹkì méjèèjì bá ti wà nínú àkọsílẹ̀, kí wọ́n pín owó náà.