Ta Ni Kò Mọ̀? Òótọ́ àbí Irọ́ Nípa Lọ́jíìkì

“Ẹni tó bá kọ́ lọ́jíìkì, kò sẹ́ni tó lè borí rẹ̀ níbi iyàn.”
Irọ́. Ẹ lọ wo àwọn tó ń jiyàn nídìí ìwé ìròyìn láàárọ̀: ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ló ń borí. Ẹni tó kọ́ lọ́jíìkì, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rí gbé ọ̀rọ̀ dúró, máa ń tètè rí àléébù inú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kéèyàn lè pariwo.

“Bí ìparí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ òótọ́, àlàyé náà dára.”
Irọ́. Gbogbo ewúrẹ́ ló ń jẹ koríko. Ẹran tí Bàbá Àyìnlá so mọ́dìí igi ń jẹ koríko. Ewúrẹ́ ni, nígbà náà. Ó lè jẹ́ ewúrẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní àgùntàn ni, àlàyé kan náà lẹ ó ṣe.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”
Òwe yìí dùn lẹ́nu, mo gbà. Bí wọ́n bá ti pa á níbi ọ̀fọ̀, ẹjọ́ tán, ojú gbogbo ènìyàn á yí sí ìyá arúgbó kan. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n sọ fún wa? Pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lánàá, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Àkùkọ náà kọ lánàá. Kò sẹ́ni tó mú àkùkọ. Òru mélòó ni igbe yẹn ti dún tí gbogbo ọmọ àdúgbò sì jí láyọ̀? Ọmọ mélòó ló kú lóru tí a ò gbọ́ igbe kankan? Ibà ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ló ti wà lára ọmọ náà? Irọ́ ni pé òwe yẹn jẹ́ ẹ̀rí.

“Ti òyìnbó ni lọ́jíìkì.”
Òótọ́ ni pé Aristotle, ará Gíríìkì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Kírísítì, ló to apá kan nínú lọ́jíìkì tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì. Àmọ́ nígbà tí Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn Èkìtì, òṣùwọ̀n ìmọ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ. Wọ́n gbé e jáde ní 1986, nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí ìmọ̀, ìgbàgbọ́ àti àjẹ́. Lẹ́nu àwọn oníṣègùn náà, ohun téèyàn fojú ara rẹ̀ rí nìkan ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tó sì gbà, ó gbà á gbọ́ ni.

Ẹ wá padà sídìí òwe àjẹ́. Igbe ni wọ́n gbọ́. Kò sẹ́ni tó rí pípa. Èwo wá ni “ta ni kò mọ̀”?